Rọ́bà Tí Mo Tú

Àbúrò ló ṣá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ládàá, àbúrò náà ló sì gbé e wá bá mi. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n gun ọ̀kadà kan láti oko wọn lójú ọ̀nà Tápà: ọlọ́kadà níwájú, ẹni tí wọ́n ṣá láàárín, ẹni tó ṣá a lẹ́yìn, tó fi apá méjèèjì gbá a mú. Ọ̀sán gangan ni, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, eruku sì ti bo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta débi pé mi ò kọ́kọ́ mọ ẹni tí mo fẹ́ tọ́jú nínú wọn. Èmi nìkan ni nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ibùdó ìlera wa. Kì í ṣe ọjọ́ tí dókítà máa ń wá.

Ọlọ́kadà ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Bàbá àwọn méjèèjì, tó jẹ́ ọdẹ nígbà ayé rẹ̀, kú, ó fi oko sílẹ̀, kò sì fi ààlà hàn wọ́n. Ẹ̀gbọ́n gbin ẹ̀gẹ́ kọjá ibi tí àbúrò gbà pé ó yẹ kó dé. Àbúrò fà á tu. Ẹ̀gbọ́n la igi mọ́ ọn lórí, àbúrò sì fi àdá dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ìyá méjì lè jókòó sọ tán kí iṣu tó jinná, àdá ni wọ́n fi sọ ọ́.

Itan ọ̀tún ni àdá náà bà, lápá inú, ó sì jìn débi pé ọwọ́ mi lè wọ inú rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, orí àbúrò ló ń ṣẹ̀jẹ̀ ju itan ẹ̀gbọ́n lọ. Ohun tó fà á ni pé àbúrò ti já rọ́bà tíúbù tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù, ó ti yí i mọ́ itan náà lókè ojú ọgbẹ́, ó ti ki igi kékeré kan bọ̀ ọ́, ó sì ti fi igi náà lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Bàbá wọn ló kọ́ wọn. Bí ìbọn bá fọ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́ nínú igbó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dì í kí wọ́n tó gbé e wálé.

Ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀. Ó bèèrè omi lọ́wọ́ mi. Ó ní rọ́bà yẹn ń dun òun ju ọgbẹ́ lọ.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ní gbogbo agbègbè wa, wọ́n máa ń sọ pé ẹnu mi mú ju abẹ́rẹ́ mi lọ. Mi ò bínú sí wọn, torí òótọ́ ni. Mo mọ iṣẹ́ mi, mo sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́, nígbà tí mo wà lọ́mọge, ni pé ẹsẹ̀ tí wọ́n bá dì pa bẹ́ẹ̀ yóò jẹrà. Pé bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá ti pé, kí nọ́ọ̀sì tú u díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ìsàlẹ̀, kó tó tún un dì. Wọ́n bi wá nínú ìdánwò, mo sì yege. Mo wo aago ara ògiri, mo sì tú rọ́bà náà.

Ẹ̀jẹ̀ fò sókè, ó gbá mi lẹ́nu. Ó gbóná. Ọkùnrin náà ké, ó fi orí gbá irin bẹ́ẹ̀dì, ó sì ta mí nípàá nínú. Mo fi ìkúùkù ki ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀, mo tún rọ́bà náà dì, ṣùgbọ́n ó ti ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, kò le bó ṣe le tẹ́lẹ̀ mọ́. A ti pe ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí Ìbàdàn, kò tíì dé. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún míì pé, mo tún un tú. Ẹ̀jẹ̀ tún fò. Ó kún orí bẹ́ẹ̀dì, ó dà sí ilẹ̀, àbúrò tẹ̀ ẹ́, ó yọ̀, ó ṣubú sínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń pariwo pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u mọ́! Bàbá wa ní wọn kì í tú u!"

Mo ní kó panu mọ́. Mo bi í pé ṣé bàbá ẹ̀ náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni.

Nígbà tí mo tú u lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀jẹ̀ kò fò mọ́. Ó kàn ń ṣàn díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé ó ti ń dá. Ọkọ̀ dé, a gbé e, bí a sì ṣe ń tẹ́ ẹ sórí àga ọkọ̀, ó mí kan, kò mí èkejì.

Mo yíjú padà, mo gbá àbúrò létí. Ọwọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ni mo fi gbá a, gbogbo ìka mi sì hàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Apànìyàn! O ṣá a ládàá, kò tó ọ, o tún dì í bí ẹni di igi ìdáná! Ẹ̀ẹ̀mejì lo pa á!" Mi ò mọ̀ pé ìyá wọn ti dé ẹnu ọ̀nà. Ìdèrè ni màmá náà ń gbé. Ohun tí wọ́n sọ fún un lórí fóònù kò ju pé ọmọ rẹ̀ fara pa lóko. Ẹnu mi ló ti gbọ́ ìyókù. Kò sunkún. Ó wo òkú, ó wo ẹni tó kù, ó sì gbé ojú kúrò lára ẹni tó kù. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, ohun tí màmá gbọ́ lẹ́nu mi náà ni mo sọ fún wọn.

Ọdún mẹ́rin ni àbúrò lò lẹ́wọ̀n. Nígbà tó dé, ó padà sí oko. Lọ́jọ́ ọjà, á ru iṣu lọ sẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀. Ìyá á ní kí àwọn aládùúgbò wá kó o. Bó bá dọ̀bálẹ̀ kí i, kò ní dáhùn. Lọ́jọ́ kan nínú òjò, màmá yìí yọ̀ ṣubú lójúde. Ọmọ sáré láti fà á dìde, ìyá sì ní ọwọ́ tó pa ọmọ òun kò gbọdọ̀ kan òun. Ó jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀ títí ẹlòmíì fi dé. Mo ń gbọ́ gbogbo èyí, torí Ìbàràpá kò tóbi, mo sì ń sọ pé ó tọ́ sí i. Kò tán síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ni mo fi ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Màá ní, "Ẹ wò ó bí ìdì òpè ṣe ń pa èèyàn."

Àwa nọ́ọ̀sì, bí a bá fẹ́ tún ìwé àṣẹ iṣẹ́ wa gbà, ó di dandan ká lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Púpọ̀ nínú wa, ìwé ẹ̀rí àti ìrẹsì inú ike là ń bá lọ, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Lọ́dún tó kọjá, ti ìtọ́jú pàjáwìrì ni wọ́n ṣe fún wa ní Ìgbó-Ọrà, àwa nọ́ọ̀sì, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko, àtàwọn tó ń wa ọkọ̀ aláìsàn. Mo jókòó sẹ́yìn lábẹ́ fáànù, níbi tí oorun ti ń dùn.

Dókítà obìnrin kan ló kọ́ wa. Ìbàdàn ló ti wá, mo sì lè bí i. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tòògbé. Ó ti ra ẹsẹ̀ màlúù lọ́jà, ó ti la ojú ọgbẹ́ sí i, ó ti ki rọ́bà omi bọ inú rẹ̀, ẹnìkan sì ń ti sóbò gba inú rọ́bà náà, tó ń tú jáde bí ẹ̀jẹ̀ gan-an. Kálukú gbọ́dọ̀ bọ́ síwájú, kó dì í títí sóbò yóò fi dá. Nígbà tó kàn mí, mo dì í wéré, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo wá ní, "Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a ó tú u báyìí," mo sì nawọ́ sí i.

Dókítà ní, "Màmá, ẹ má tú u o. Tí ẹ bá ti dì í, ẹ kọ àsìkò tí ẹ dì í sí i lára, ẹ sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ."

Mo ní ẹsẹ̀ á jẹrà.

"Ẹsẹ̀ lè fara dà á tó wákàtí méjì, Mà. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti dà nù ni kò ní padà. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ọ̀yàn láyé àtijọ́ lẹ ń sọ yẹn, wọ́n ti rí i pé ó ń pa èèyàn."

Láyé àtijọ́! Ara mi gbóná. Mo kọjú sí gbogbo ilé, mo sì sọ ìtàn ọkùnrin ojú ọ̀nà Tápà fún wọn, láti orí àdá dé orí ọkọ̀, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́, kí wọ́n lè rí i pé ìdì ló pa á. Mo rò pé mo ti fi dókítà náà wọ́lẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá bi mí pé, "Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ṣé ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní itan náà?"

Mo ní, "Rárá, ó ti dá."

"Ṣé ó ń sọ̀rọ̀?"

"Ó bèèrè omi."

"Ta ló wá tú u, Màmá?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì burú jù. Àwọn nọ́ọ̀sì tí mo ti sọ ìtàn yẹn fún lẹ́ẹ̀mẹwàá ń wo ilẹ̀. Mo gbá abọ́ sóbò dànù, ó dà sí dókítà náà lára láti àyà dé bàtà. Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ tí o tíì rí láyé ẹ kò kún kọ́ọ̀pù!" Mo fi ìpá ta ilẹ̀kùn, mo jáde.

Ó tẹ̀lé mi dé ìta, tòun ti sóbò lára. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, mo tiẹ̀ fẹ́ kó bú mi. Ó kàn kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Màmá, bí wọ́n ṣe kọ́ yín nìyẹn. Ẹ ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀ báyìí." Mo gun ọ̀kadà lọ sílé, mi ò dúró gba ìwé ẹ̀rí.

Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo ń bá ara mi jà. Mo ní ọgbẹ́ náà ti jìn jù, pé bí mi ò tiẹ̀ tú u, yóò kú ni. Mo ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ìwé ni wọ́n mọ̀. Mo ń jágbe mọ́ gbogbo ẹni tó bá wá sí ibùdó ìlera, àní aboyún. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ korò; èmi fi tèmi sẹ́nu, mi ò gbé e mì, mi ò sì tu ú.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n gbé obìnrin kan wá láti ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ rin ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe gàrí. Ẹ̀rọ náà ti fa ọwọ́ rẹ̀ wọlé dé ìgúnpá. Ohun tó kù kì í ṣe ọwọ́ mọ́. Egungun, awọ àti ẹ̀gẹ́ funfun ló dàpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde bí ẹni tú ẹ̀rọ omi. Mo pariwo sí ọlọ́kadà tó gbé e wá pé kó já rọ́bà tó fi ń di ẹrù fún mi. Mo yí i mọ́ apá rẹ̀, mo ki ṣíbí bọ̀ ọ́, mo sì lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá, mo wá fi báírò kọ àsìkò sí i níwájú orí.

Obìnrin náà ń ké bí ẹran tí wọ́n ń dúńbú. Ó ní rọ́bà náà ń pa òun, kí n ṣàánú, kí n tú u díẹ̀. Ọkọ rẹ̀ di ọrùn aṣọ mi mú. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ tú u! Ẹ fẹ́ pa á mọ́ mi lójú ni?" Mo ní kó kúrò lára mi. Ó gbá mi lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú, ó nawọ́ sí ṣíbí náà, mo sì gé ọwọ́ rẹ̀ jẹ títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ọlọ́kadà ló wọ́ ọ kúrò. Èmi àti obìnrin náà wá ku àwa méjì. Nígbà tí aago ara ògiri pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọwọ́ mi fúnra rẹ̀ dìde, ó fẹ́ lọ tú u. Mo fi ọwọ́ náà sábẹ́ ìdí, mo jókòó lé e.

Ó lé ní wákàtí kan kí ọkọ̀ tó dé. Rọ́bà kò yẹ̀. Obìnrin náà ń bú mi láti orí dé ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ, mi ò sì tíì gbọ́ èébú tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n gé apá náà ní Ìbàdàn. Obìnrin náà wà láàyè.

Nígbà tí wọ́n fóònù mi pé ó wà láàyè, mo jókòó sí ilẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Ẹni tó bá rí mi á rò pé ayọ̀ ni. Rọ́bà irú kan náà, wákàtí kan náà, nínú yàrá kan náà. Kò sí ibi tí mo lè sá sí mọ́.

Mo gun ọ̀kadà lọ bá àbúrò ní oko. Ó ń ṣán koríko, àdá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ láìbò, pé ó ṣá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti dì í yè. Pé èmi ni mo tú u, tí mo sì kó ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé e lórí. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní parọ́. Ó wo ojú mi tó ṣì wú, ó wo àdá. Ó gbé e sókè, ó sì fi gbogbo agbára sọ ọ́ lu ìdí igi kan débi pé èèkù rẹ̀ yọ. Ó ní, "Èmi kọ́ lẹ máa sọ fún, Àǹtí. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìdèrè."

Màmá náà ń pa ẹ̀gúsí lójúde. Mo kúnlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ dúró sẹ́yìn mi lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tó máa ń gbé iṣu sí. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá ò wojú mi, ó ń pa ẹ̀gúsí lọ. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mélòó lo tú u?"

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta, Màmá."

Ó fa ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ yọ lábẹ́ àga. Ó kọ́kọ́ là á mọ́ mi léjìká, ó là á mọ́ mi lórí, ó wá fi gbá mi lẹ́nu, eyín mi kan sì ṣẹ́. Mi ò gbé ọwọ́ sókè. Ó ń lù mí, ó ń sọ pé, "Ẹ̀ẹ̀mẹta! Ẹ̀ẹ̀mẹta!" Agbára arúgbó náà pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, mo sì rò lóòótọ́ pé yóò pa mí síbẹ̀. Àwọn aládùúgbò yọjú, kò sí ẹni tó súnmọ́ wa.

Ọmọ rẹ̀ ló sáré wá, tó gbá a mú láti ẹ̀yìn, tó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú tòun ti ọ̀pá. Ìyá jà díẹ̀. Ó wá wo ọwọ́ tó di tirẹ̀ mú, ó sì rí i pé ọwọ́ ta ni. Mo ń retí pé yóò gbọ̀n ọ́n dànù. Kò gbọ̀n ọ́n. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì ń mí gùlegùle.

Láìyíjú padà, ìyá ní, "Kí ni ẹ̀gbọ́n ẹ sọ lórí ọ̀kadà?"

Ọmọ ní, "Ó ní kí n má jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ pé a jà. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ló ṣubú lé àdá."

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Ọmọ náà wò mí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu mi. Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀.

Ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì ti sọ̀rọ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín, Màmá."